Kí lẹ rí nínú fíìmù àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè?

Ìbéèrè láti ọwọ́ aránṣọ kan ní Adó-Èkìtì:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àbúrò mi ọkùnrin kì í wo bọ́ọ̀lù mọ́, kì í wo fíìmù Yorùbá mọ́. Àwọn òyìnbó tó ń fi kẹ̀kẹ́ já wá láti orí òkè ló ń wò láti àárọ̀ di alẹ́, dátà tí mo rà láti fi gba sítáì lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi ló sì fi ń wò ó. Mo jókòó tì í lálẹ́ àná kí n lè fojú ara mi rí ohun tó wà níbẹ̀. Ẹnìkan gun òkè, ó sọ̀kalẹ̀. Òmíràn gun òkè, ó sọ̀kalẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀, kò sí ìtàn, ẹnikẹ́ni kò gba ọkọ ẹlòmíràn. Èkìtì ni wọ́n bí wa sí o, àárín òkè. Bàbá wa ń ti orí òkè ru iṣu wálé ní gbogbo ayé rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé kámẹ́rà tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ ṣàlàyé fún mi, kí ni adùn rẹ̀? Àbí ìwà ọmọdé lásán ni?

* * *

Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ni mò ń ṣe ní Adó níbí, mo ń tún un ṣe, mo sì ń ta tòkunbọ̀ rẹ̀. Mo máa ń wo fíìmù wọ̀nyí dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fèsì kí àríyànjiyàn tó gbóná.

Àǹtí aránṣọ, kò sóhun tó ṣe àbúrò yín. Ọ̀nà ló ń wò. Ẹ̀yin ń wo ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ẹ sì ń retí kó sọ̀rọ̀ tàbí kó bá ẹnìkan jà. Òun ń wo ilẹ̀ tó wà níwájú táyà. Ó rí gbòǹgbò tó dábùú ọ̀nà, ó rí òkúta méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ti ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ibo ni ọkùnrin yìí máa gbà. Kó tó rí ìdáhùn, ọkùnrin náà ti gba ibòmíràn tí òun kò tilẹ̀ ronú kàn. Ó tún rí ìgbọ̀nwọ́ ọ̀nà mìíràn níwájú, ó tún ń bèèrè. Ọgọ́rùn-ún ìbéèrè ló wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sì sí èyí tí ìdáhùn rẹ̀ ń pẹ́ dé.

Ẹni tó bá ti ru ẹrù sọ̀kalẹ̀ láti oko orí òkè ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè lẹ́yìn òjò mọ ohun tí mò ń wí. Ẹrù wà lórí, kò sí bó ṣe lè wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ojú ti gbọ́dọ̀ mú ibi tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó débẹ̀. Bàbá yín tí ẹ dárúkọ yẹn, iṣẹ́ yìí gan-an ni ojú rẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́. Bí ẹ bá gbé fíìmù yìí síwájú rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé yóò bá àbúrò yín jiyàn pé ọ̀tún ló yẹ kí ọmọ òyìnbó yẹn gbà.

Ti pé ta ló ya fíìmù tiwa, ìbéèrè gidi nìyẹn. Màá padà sí i.

* * *

Mo ti ka èsì yín. Púpọ̀ nínú yín ló ní ikú ni àwọn òyìnbó yìí ń wá, pé ẹni tó lówó tí kò níṣẹ́ ló lè máa ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ìpolówó ọjà lásán ni. Ẹnìkan láti Ìkẹ́rẹ́ ní igbó àti òkè tó lẹ́wà ni òun ń wò ní tòun, òun kì í ka kẹ̀kẹ́ náà kún. Ẹni yẹn, ẹ máa gbádùn ara yín, n kò ní wàhálà pẹ̀lú yín.

Ti ìpolówó, òótọ́ ni. Àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ àti àwọn tó ń ta ohun mímu alágbára ló ń sanwó fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìdíje kan tó gbajúmọ̀ jù nínú irú eré yìí, Rampage, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001 ní aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, orúkọ Red Bull ló wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ẹ ń fi gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ wò, ṣé kò sí orúkọ ọjà láyà wọn ni?

Ti olówó tí kò níṣẹ́, ibẹ̀ la ti pínyà. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí kò lówó. Ní Marin County ní California, láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan ń ṣa kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jọ, èyí tí wọ́n ti ṣe láti àwọn ọdún 1930 àti 1940, tí irin rẹ̀ wúwo, tí táyà rẹ̀ sanra, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ mọ́. Wọ́n á gbé e lọ sórí òkè, wọ́n á gùn ún wálẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1976 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi aago díje ní ọ̀nà erùpẹ̀ kan nítòsí ìlú Fairfax. Ọ̀nà náà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 3, ó sì sọ̀kalẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 400. Bíréèkì kan ṣoṣo ló wà lára kẹ̀kẹ́ náà, inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ìyẹn irin àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí sípóòkù so mọ́, ló wà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, họ́ọ̀bù á ti gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ á máa yọ èéfín. Wọ́n á tú u, wọ́n á tún gíríìsì kì sínú rẹ̀, kí wọ́n tó lè sá eré mìíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ eré náà, Repack. Gary Fisher ló yára jù, ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 22. Joe Breeze, tóun náà wà láàárín wọn, jó férémù tuntun fún irú ilẹ̀ yẹn ní ọdún 1977, kò sì pé ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ tí eré kẹ̀kẹ́ orí òkè fi wọ Òlíḿpíìkì, ní Atlanta, ọdún 1996.

Gíríìsì tó ń di èéfín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ olówó, ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń tú họ́ọ̀bù.

* * *

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà. Mo rí i pé ó ti ń di ìjà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ síbí.

Ẹnìkan kọ̀wé pé òun de fóònù mọ́ akoto, òun gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀nà Ìyìn, ẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun. Nígbà tó wá wo fídíò náà nílé, pẹrẹsẹ ni ọ̀nà náà rí, àfi bí ẹni pé òun ń lọ ra búrẹ́dì. Ó wá fi parí ọ̀rọ̀ pé irọ́ ni gbogbo fíìmù òyìnbó, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń gbé òkè wọn dúró.

Òdìkejì rẹ̀ ni. Kámẹ́rà ló ń jẹ òkè, bẹ́ẹ̀ ló sì ń jẹ tiwọn náà. Kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ orí máa ń ní ojú tó fẹ̀ gan-an kó lè gba ohun gbogbo wọlé. Ojú tó fẹ̀ báyìí máa ń ti ohun tó wà láàárín jìnnà, á sì na èyí tó wà létí. Ìsàlẹ̀ tó yẹ kó bà yín lẹ́rù á wá kéré, á jìnnà, á tẹ́jú. Ohun kejì tún wà níbẹ̀: bí òkè ṣe tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orí yín ń tẹ̀ tẹ̀lé e, kámẹ́rà sì ń tẹ̀ tẹ̀lé orí. Kò sí ohun kan nínú àwòrán tó dúró ṣánṣán tí ojú lè fi wọn òkè náà.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń dè é mọ́ àyà. Níbẹ̀, ọwọ́ méjèèjì hàn, orúnkún hàn, ẹni tó ń wò á rí i bí apá ṣe ń gbọ̀n, òkè á sì padà sí bó ṣe ga tó. Èyí tó tún dára ju ìyẹn lọ ni kí ẹnìkan dúró lápá kejì àfonífojì, kó gbé kámẹ́rà dúró dáadáa, kó sì rí i pé igi wà nínú àwòrán náà. Igi kì í tẹ̀ tẹ̀lé òkè. Ojú á fi í wọn ilẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

A dán an wò ní apá Ẹ̀fọ̀n, níbi tí ọ̀nà ti ń lọ́ láàárín òkè lẹ́yìn Ìtàwúrẹ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi kan ló gun kẹ̀kẹ́, fóònù kan wà láyà rẹ̀, ẹnìkejì dúró sí ọ̀kánkán pẹ̀lú fóònù mìíràn. Èyí tó wà láyà rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò ó, wọ́n ní ó gbìyànjú. Èyí tí a yà láti ọ̀kánkán ni ìyá rẹ̀ rí, ìyẹn sì lòpin kẹ̀kẹ́ gígùn fún ọmọ náà títí ọdún fi parí.

Ẹ wo fíìmù tí Danny MacAskill, agunkẹ̀kẹ́ kan, ṣe ní ọdún 2014 lórí òkè Cuillin ní erékùṣù Skye, ní Scotland, níbi tí wọ́n ti bí i. Orí òkè náà tóóró, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jìn wọnú òfìfo. Bó ṣe ń fò níbẹ̀ kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò, àwòrán tó jìnnà ló ń mú ènìyàn láyà, nítorí a rí i kedere pé kò sí apá ibi tó lè ṣubú sí tó sàn ju èkejì lọ. Ohun mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ràn: ó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pọ́n òkúta gòkè. Ọ̀pọ̀ fíìmù máa ń gé gígòkè kúrò. Ọkọ̀ kan á gbé wọn dé òkè, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, bí ẹni tó ń ná owó tí kò ṣiṣẹ́ fún. Àǹtí aránṣọ sọ ọ́ bí ẹ̀sùn pé ẹnìkan gun òkè, ó sọ̀kalẹ̀. Èmi máa ń bínú tí wọn ò bá fi gígòkè rẹ̀ hàn.

Fíìmù jẹ́jẹ́ ńkọ́, èyí tí kẹ̀kẹ́ á kan máa léfòó lófuurufú? Ẹ pọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á ya àwòrán 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n á wá fi 24 hàn yín níṣẹ̀ẹ́jú-àáyá kan, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á wá gba ìlọ́po márùn-ún àkókò rẹ̀. Ó dára fún wíwo ẹrẹ̀ tó ń fò àti aṣọ tó ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ojú kò rí ọ̀nà kankan yàn mọ́, ìdáhùn ti dé kí ìbéèrè tó jáde. Ẹ fi wé èyí tí Brandon Semenuk, ọmọ Kánádà, ṣe ní ọdún 2015: ó sọ̀kalẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn kò gé e níbì kankan, kámẹ́rà wà nínú ọkọ̀ tó ń bá a sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá ṣàṣìṣe nísàlẹ̀ pátápátá, gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wò mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì ní lè mí dáadáa.

* * *

Ẹni tó ní kí á máa pa orin inú rẹ̀, mo wà lẹ́yìn yín. Ariwo gìtá yẹn kò jẹ́ kí á gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí kò bá sí orin, ẹ máa ń gbọ́ táyà lórí òkúta wẹẹrẹ, ẹ máa ń gbọ́ họ́ọ̀bù tó ń ta tìkì-tìkì-tìkì nígbà tí ẹsẹ̀ bá dúró, lójijì á dákẹ́: ó ti kúrò nílẹ̀. Mo mọ̀ pé inú sítúdíò ni wọ́n ti ń fi díẹ̀ nínú ariwo náà kún un lẹ́yìn. Kò dùn mí. Mo tilẹ̀ ti gbọ́ ibi tí ọrùn kẹ̀kẹ́ ẹnìkan ti yẹ̀ nínú fíìmù olówó ńlá, ó ń dún kọ́kọ́kọ́, kò sẹ́ni tó dè é kó le.

* * *

Ìyá kan kọ̀wé láti Ìjerò. Ó ní nọ́ọ̀sì ni òun, àwọn tó bá ti ara ọ̀kadà ṣubú ni òun ń dì lẹ́sẹ̀ ní gbogbo alẹ́ Jímọ̀, fíìmù wọ̀nyí sì ń tan àwọn ọmọ jẹ nítorí wọn kì í fi ilé ìwòsàn hàn.

Mà, ẹ tọ̀nà dé ààyè kan. Fíìmù tí ẹnikẹ́ni kò ṣubú nínú rẹ̀, irọ́ ló ń pa. Ní Rampage ti ọdún 2015, Paul Basagoitia ṣubú, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, kò sì lè gbé ẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara rẹ̀ ní fídíò láti orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi ìyẹn ṣe odindi fíìmù tó jáde ní ọdún 2019. Nítorí náà, ilé ìwòsàn ti wọ inú fíìmù. Àwọn ọmọ wa ni kò wá a wò.

Àmọ́ mi ò gbà pé ìṣubú ni kó kún inú rẹ̀. Ẹ mọ àwọn fídíò kéékèèké tí ènìyàn á kan máa fi ẹnu gbálẹ̀, tí gbogbo ayé á máa rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń rí kọ́ níbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ ni pé kí wọ́n fi ẹni tó dúró lókè hàn, tó wo ibẹ̀, tó bọ́ kúrò lórí kẹ̀kẹ́, tó fẹsẹ̀ rìn ín, tó tún padà, tó sì ní rárá, kì í ṣe lónìí. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, olóòótu ló máa ń gé e dà nù.

* * *

Ọ̀rọ̀ wá kàn mí wàyí. Ẹnìkan ní àwa ọlọ́jà kẹ̀kẹ́ ni ọ̀tá, pé ọmọ á wo fíìmù tán, á tọrọ owó, àwa á ta ohun tó pè ní kẹ̀kẹ́ orí òkè fún un, á fò ó lẹ́ẹ̀kan, á fọ́.

Bó ṣe ń fọ́ nìyí. Kẹ̀kẹ́ inú fíìmù, èyí tí wọ́n fi ń sọ̀kalẹ̀ gidi, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn lè wọlé tó nǹkan bíi mìlímítà 200. Sípíríǹgì tàbí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, ọ́ìlì náà sì wà níbẹ̀ tó ń gba ojú ihò tóóró kọjá. Ọ́ìlì yẹn gan-an ni òṣìṣẹ́. Òun ni kì í jẹ́ kí sípíríǹgì ta yín padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti balẹ̀. Owó kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Adó, kó sì ṣẹ́ kù.

Èyí tó kún ọjà wa, sípíríǹgì nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé rọ́bà ni wọ́n fi tì í. Bí ọmọ bá fò ó láti orí kọ́fátì, ṣọ́ọ̀kì á wọlé dé ìdí, á sì ta á sókè pẹ̀lú gbogbo agbára tó fi wọlé. Iwájú orí ni ọmọ náà á fi balẹ̀. Férémù á tẹ̀ lọ́rùn, rímù á di ìdajì. Mo ní irú rẹ̀ mẹ́ta lórí ògiri ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò gbé wọn kúrò, kí ẹni tó bá wọlé lè kọ́kọ́ rí wọn. Àwọn kan nínú àwọn kẹ̀kẹ́ náà tilẹ̀ ní síńtíkà kékeré lára tó sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi í fò. Ta ló ń kà á?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Tó bá ta padà tó sì gbá, kò sí ọ́ìlì níbẹ̀. Ẹ lè gùn ún lọ sí ọjà, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ sí ibi tó wù yín lórí ilẹ̀.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kì í dùn mọ́ wọn nínú. Mo ní kí wọ́n ra kẹ̀kẹ́ irin tí kò ní ṣọ́ọ̀kì rárá, táyà tó sanra, bíréèkì méjì tó ń mú. Irú rẹ̀ ni àwọn ará California wọ̀nyẹn fi bẹ̀rẹ̀, tiwọn kò tilẹ̀ ní bíréèkì méjì. Kí ẹ dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù díẹ̀ kó lè di ilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kó má kéré jù, kí rímù má baà gé túùbù lórí òkúta. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ níbi tó gùn, ẹ má di bíréèkì mú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ mú un, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí rímù lè tutù. Ẹ tún lọ wo fíìmù yín lẹ́yìn èyí, ẹ ó rí i pé ìka kan péré ló wà lórí bíréèkì wọn, ìka náà kì í sì í dúró sójú kan.

Ẹni tó ní kí ìjọba fòfin de títà irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bá mi wá ìjọba tó ń yẹ ọjà wò.

* * *

Ṣé obìnrin ń ṣe é? Ọmọ yunifásítì kan ló bèèrè. Wọ́n ń ṣe é. Ní ọdún 2016, Rachel Atherton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba gbogbo ìdíje World Cup ti sísọ̀kalẹ̀ òkè lọ́dún yẹn, méjèèje, kò ṣẹ́ kù fún ẹnikẹ́ni. Rampage ló pẹ́ kó tó la ojú: ọdún 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ti obìnrin sí i, Robin Goomes láti New Zealand ló sì gbà á.

Ẹlòmíràn ní Áfíríkà ńkọ́. Greg Minnaar, ará Pietermaritzburg ní South Africa, ti gba ipò kìíní àgbáyé nínú sísọ̀kalẹ̀ òkè ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Èyí tó gbà ní ọdún 2013, ìlú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti jò kó tó dé ìdí òpin. Gẹ́gẹ́ bíi fọkanáísà, fídíò yẹn ni mo máa ń fi han àwọn tó bá ní táyà jíjò ló fa gbogbo ìṣòro ayé wọn.

* * *

Ẹ jẹ́ ká wá sí ti fíìmù tiwa. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń pín ara wọn: òkè Ọlọ́sùnta ní Ìkẹ́rẹ́ ni kí a ti ya á, kí drone máa fò lókè, kí gbogbo ayé rí Èkìtì.

Mo ta kò ó. Ọlọ́sùnta ní àwọn tó ń bọ ọ́, ó ní ọdún rẹ̀, ó ní àwọn àgbààgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Mi ò bèèrè bóyá ẹ jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí. Ẹ kì í gun kẹ̀kẹ́ wọnú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kan fèsì pé bí ààfin bá gbà ńkọ́, pé àlejò á wá, owó á wọlé. Bí ààfin bá gbà, a jẹ́ pé ẹ kò nílò ìdáhùn mi. Èmi kò ní gùn ún.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ ro ti òkúta fúnra rẹ̀. Àpáta dúdú wa yìí dára gan-an nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, táyà máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Lásìkò òjò, ewédò á bò ó, kò sí táyà tó lè dúró níbẹ̀. Ọ̀nà erùpẹ̀ pupa ńkọ́? Òjò sọ ọ́ di ọṣẹ, ọyẹ́ sọ ọ́ di eruku. Oṣù kọkànlá ni mo fẹ́, tí ilẹ̀ ti gbẹ díẹ̀ tí kò tíì fọ́n. Drone pàápàá nílò ìwé àṣẹ ìjọba, ẹ má sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Ìjà tó wà níbẹ̀ gan-an ni ti aago. Àwọn ayàwòrán ní àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ dára, nítorí òjìji gùn, gbogbo òkúta àti gbòǹgbò hàn. Ọ̀sán gangan máa ń pa ilẹ̀ rẹ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀nà oko kún. Àwọn ìyá ń ru igi bọ̀, àwọn ọkùnrin gbé kòkó, ẹ̀yin ẹ wá já wá láti òkè lórí kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ru ẹrù ló ni ọ̀nà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹnìkan dá a lábàá pé àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, aago méje, ọ̀nà á ṣófo, ìmọ́lẹ̀ á sì wà. Àbá tó dára ni, àfi pé ẹni tó máa gùn ún wà nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Ta ni kí á yà? Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi. Mi ò fẹ́ ọmọ kankan tó máa fò. Ẹlẹ́mu kan wà ní apá Ìpólé-Ìlórò tó ń so kẹ́ẹ̀gì ẹmu mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere, tó ń gba ọ̀nà òkè náà sọ̀kalẹ̀. Ẹmu ń ru nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹrù ń tì í láti ẹ̀yìn, ó sì ń fi ẹsẹ̀ kan ṣe bíréèkì kẹta. Mo ti wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kò sí ibi tí ó gbà lásán. Ní ìhà Goma ní Kóńgò, wọ́n ń gbẹ́ igi ṣe nǹkan onítáyà méjì tí wọ́n ń pè ní chukudu, wọ́n á di ẹrù ńlá lé e lórí, wọ́n á sì gùn ún sọ̀kalẹ̀. Fídíò rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì dùn ún wò ju ìdajì àwọn tí wọ́n ń sanwó fún lọ.

Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa wo ẹlẹ́mu. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà á ná. Kámẹ́rà méjì, ọ̀kan ní ọ̀kánkán tí igi wà nínú àwòrán, ọ̀kan láyà rẹ̀ bó bá gbà. Kí ẹ yà á nígbà tó bá ń ti kẹ̀kẹ́ òfìfo gòkè ní àárọ̀, kí ẹ má gé e. Kò sí orin. Kí ẹ sì fún un lówó, ẹ̀yin ará, nítorí ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ fẹ́ gbà.

* * *

Àǹtí aránṣọ ti padà wá. Ó ní òun tún wò ó pẹ̀lú àbúrò òun, pé òun bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀, pé òun tilẹ̀ pariwo "òsì! òsì!" sí fóònù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dátà ṣì wà nílẹ̀ o.

Nínú àwọn nọ́ńbà tó ń sọ bí àwòrán fídíò ṣe mọ́ tó, ẹ sọ fún un kó má fi 1080 wò ó lórí fóònù kékeré, ìfiṣòfò ni. Kó má sì lọ sí 144, níbẹ̀ gbòǹgbò àti òkúta á yọ́ pọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, kò ní rí ọ̀nà kankan yàn, eré tó ń sáré ló kù. 480 ti tó. Èyí tó bá fẹ́ràn, kó gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó máa tún un wò láìjẹ dátà. Tí kò bá wù ú láti tún wò, a jẹ́ pé kò dára nìyẹn. Àwọn oníṣẹ̀ẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ni kó kọ́kọ́ máa wò. Àwọn oníwákàtí kan, ìdajì wọn ni ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọkọ̀ òfurufú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti forúkọ sílẹ̀ fún ti ẹlẹ́mu: mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó ní òun gbà, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti ní kí òun sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Akoto, túùbù àti páǹpù, kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ wá. Kẹ̀kẹ́ mi kò ṣeé yá.